Abúlé wa ò sí lórí máàpù, ṣé ká fi síbẹ̀ ni àbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

ỌmọEtíỌ̀sà:
Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Sátidé tó kọjá la sin ìyá àgbà wa lábúlé. Etí ọ̀sà ni abúlé wa wà, ọ̀nà Èjìnrìn níbẹ̀ yẹn, lábẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ni mo ti háyà kánópì mẹ́fà àti igba àga, mo wá ń júwe ọ̀nà fún dírẹ́bà láti Ìtòìkín, ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, òun ní máàpù lórí fóònù. Mo ní abúlé wa ò sí níbẹ̀ o. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá mi, ibo ló tún kù láyé yìí tí máàpù ò mọ̀.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló gbéra. Nígbà tó di aago mọ́kànlá ó pè mí pé òun ti dé. Mo jáde síta, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní kí lò ń rí níwájú ẹ? Ó ní ẹ̀gẹ́. Mo ní ẹ̀yìn ẹ ńkọ́? Ó ní ẹ̀gẹ́ náà ni. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Àbúrò mi gun ọ̀kadà wá a lọ, ìgbà tó máa rí i, ọ̀gbẹ́ni ti gun orí lọ́rì, ó na fóònù sókè bí ẹni ń tọrọ òjò, àwọn ọmọ tó bá a wá ti fa ẹ̀gẹ́ olóko tu, wọ́n ń sun ún jẹ. Kí àga tó dé, àwọn àlejò wa ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, sórí gbòǹgbò igi, àwọn kan jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ dé létí omi, aṣọ ẹbí olówó ńlá wá gba ọ̀dà ọkọ̀. Wọ́n ti sin ìyá tán. Ìrẹsì ti tán.

Ohun tí mo wá ń béèrè ni pé báwo lèèyàn ṣe ń fi abúlé sórí máàpù? Ilé mẹ́tàlélógún ni wá, mẹ́fà nínú ẹ̀ wà ní títì pa. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́sálásí kan, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwa àti abúlé kejì jọ ń lò, àti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Tí mo bá ní kí n wo ibẹ̀ lórí fóònù, àwọ̀ ewé ni mo máa ń rí, lẹ́yìn náà àwọ̀ omi. Ó parí.

ọmọ_Ìmọta:
"Ẹ̀gẹ́ náà ni" 😂😂 ẹ fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí lọ́fíìsì. Ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ ìyá.

Ẹ ò dá nìkan wà jàre. Lọ́dọ̀ tiwa lẹ́yìn Ìmọta, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ abúlé wa tẹ́lẹ̀. Láti January 2023 tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba yẹn, gbogbo wa ti di ará ẹ̀yìn ilé ìrẹsì. Ìyá mi tó ti ń gbébẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, tó bá wọ mọ́tò báyìí, òun náà á ní "ẹ sọ̀ mí lẹ́yìn ilé ìrẹsì." Orúkọ abúlé ti fẹ́ rá báyẹn.

Ìyá Onífùfú:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ ṣáà fẹ́ràn wàhálà. Òórùn ni mo fi ń júwe ilé mi. Màá sọ fún ọlọ́kadà pé tó bá ti yà kúrò lọ́nà ọ̀dà kó máa lọ títí tó fi máa gbóòórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan nínú omi, kó dúró, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí kó béèrè Ìyá Onífùfú. Kò ṣìnà rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣìnà, kàtá ló mú un.

kọ̀ǹpútà_ò_purọ́:
Ọ̀gá ỌmọEtíỌ̀sà, ẹ kú ìnáwó. Kò le rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí OpenStreetMap, ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, bí Wikipedia ṣe rí náà ló ṣe rí. Ẹ máa forúkọ sílẹ̀, ẹ ó wá abúlé yín nínú fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà látòkè, ẹ máa rí páànù òrùlé yín tó ń dán, kódà èyí tó ti dípẹtà á hàn. Ẹ fi àmì sáàárín ẹ̀, ẹ kọ orúkọ sí i. Wọ́n á bi yín pé irú ibo ni. Ibi tí èèyàn ẹ̀ ò bá tó ọgọ́rùn-ún sí igba, hamlet ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni tiyín, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ ò tíì ní mu omi tán tó fi máa jáde.

Ti Google Maps, ẹ lè dábàá ẹ̀ fún wọn ni, àwọn ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ abúlé máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ilé ìwé, mọ́sálásí, ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, ìyẹn máa ń yá, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ mọ́ ọn.

Nǹkan kan ṣoṣo: ẹ bi àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn gan-an kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ lásán, bó bá ṣe wu àlejò ló máa pè é.

ỌmọEtíỌ̀sà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe Baálẹ̀. Wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kùn sára pátákó ilé ìwé yàtọ̀ sí èyí tá à ń jẹ́, ẹni tó kùn ún fo lẹ́tà kan, ó wá sọ wá di nǹkan tí mi ò lè kọ síbí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi bú wa ní Kétu. Àwọn ará òdìkejì odò náà tún ń sọ pé àwọn làwọn kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ yẹn, pé baba ńlá wa wá tọrọ ibi tó máa so àwọ̀n kọ́ lọ́wọ́ baba ńlá tiwọn ni. Baálẹ̀ ní kí n má kọ nǹkan kan títí wọ́n á fi ṣèpàdé. Ìpàdé tiwa ẹ̀wẹ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ẹ̀rẹ̀dó:
Ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọlọ́run á dá ọmọ sí. Èmi rò pé kẹ́ ẹ fi máàpù yẹn sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ilẹ̀ tẹ́yin ń pè ní ti baba yín, tí ìjọba ò bá tíì yọ tiyín sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní excision, tí wọn ò sì tíì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn ń jókòó síbẹ̀ lásán ni. Púpọ̀ abúlé wa ò níwèé. Ohun tó pa wá mọ́ látijọ́ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a wà. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ kan kọ́kọ́ wá, wọ́n ní àwọn ń ya fọ́tò yàrà Sùngbọ́. A fún wọn lómi, a fún wọn lágbọn. Kò tó oṣù mẹ́ta tá a rí òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tí wọ́n rì mọ́ inú oko. Ọjọ́ kan ni ìyàwó ilé kan wá láti Èkó pẹ̀lú bíríkìlà àti yanrìn tírélà kan, ó ní òun ti sanwó pulọ́ọ̀tì méjì. Ìyá kan ló bá lórí ẹ̀, ó ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin yẹn sunkún, ìyá náà sunkún. Ẹni tó gbowó ò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣáà rò ó wò. Àwọn baba wa gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ wọn ká, ó tó 160 kìlómítà, ibòmíì jìn ju ilé alájà mẹ́ta lọ, torí kí àlejò má bàa dédé já lù wọ́n. Ẹ̀yin wá fẹ́ fi àmì pupa síbi tẹ́ ẹ wà.

òkè_òkun_ò_dùn_tó_yẹn:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ gbà mí láyè kí n takò yín díẹ̀. Èmi náà ra ilẹ̀ lọ́nà Ẹ̀pẹ́ láti ibi tí mo wà, wọ́n sì lù mí ní jìbìtì, ẹ̀yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ yẹn ò nílò kí orúkọ abúlé wà lórí máàpù. Nọ́ńbà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ gbé ẹ̀rọ ẹ̀ kalẹ̀, ó gba nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó o lọ sí Aláúsà kí wọ́n bá a wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ tàbí ó ṣì ṣófo. Sátẹ́láìtì ti rí páànù yín tipẹ́, bàbá. Àwọn tí ò rí yín ni dírẹ́bà kánópì àti ọmọ yín tó fẹ́ wá kí yín.

Bàbá Ẹ̀rẹ̀dó:
Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ra ilẹ̀ láìbi onílẹ̀, àbí?

òkè_òkun_ò_dùn_tó_yẹn:
Bàbá, ẹ ti mú mi 🙏🏾

Nọ́ọ̀sì Alábúlé:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri ẹkùn yìí, mo sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi tí mi ò lè ka iye ẹ̀. Kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó pé, a máa ń kọ orúkọ gbogbo abúlé sílẹ̀, orí ìwé yẹn ni wọ́n máa fi pín iye oògùn, iye ọjọ́, owó epo ọkọ̀. Abúlé tí ò bá sí nínú ìwé, kò sí oògùn ẹ̀ nínú kúlà nìyẹn. Kì í ṣe pé a kórìíra wọn. Ìwé ò ní wọn ni.

Ìgbà kan a ti ń padà lọ, ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, mo rí èéfín lẹ́yìn ọ̀pá raffia. Mo ní kí ọlọ́kọ̀ yà. Ilé méje la bá níbẹ̀, wọ́n ń yan ẹja, ọmọ kéékèèké mẹ́rìnlá. Kò sí ṣọ́ọ̀kì lára ilẹ̀kùn kankan, ẹ mọ̀ pé tá a bá ti débi kan a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni pé láti ọdún yìí wá kò sẹ́ni tó débẹ̀. Ìyá kan wá ń bi mí pé ṣé àwa la máa ń lọ sí abúlé kejì, pé àwọn máa ń gbọ́ ẹkún ọmọ lódìkejì omi, àwọn ń rò pé ìjọba ò ka tàwọn mọ́ ni. Bí wọ́n ṣe lé irú àrùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio kúrò ní Áfíríkà títí wọ́n fi kéde ẹ̀ ní August 2020 nìyẹn, wọ́n wá irú abúlé bẹ́ẹ̀ rí lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè Ọya lọ́hùn-ún wọ́n tiẹ̀ lo fọ́tò sátẹ́láìtì láti mọ èyí tí wọ́n fò.

Bàbá Ẹ̀rẹ̀dó, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá fún ajàgùngbalẹ̀, nọ́ọ̀sì ò ní rí òun náà. 2006 la ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, kò sí ìwé míì tí wọ́n fẹ́ fi mọ̀ pé ẹ wà.

ọmọ_Àgbádárìgì:
Ibi tí àlejò ń náwó sí ló máa ń wà lórí máàpù ní tiwa. Tẹ́ ẹ bá wá sí Àgbádárìgì, ẹ máa rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 1845 yẹn, ẹ máa rí ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú kọjá ní Gbẹ̀rẹ̀fú, àmì wà lára gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń ta àgbọn fún yín lójú ọ̀nà yẹn ńkọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ abúlé tí wọ́n ń sùn sí, kò sí. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ìtàn_Ẹ̀pẹ́:
Kò sẹ́ni tó máa rántí Èjìnrìn fúnra ẹ̀ ni? Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí òyìnbó tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n ní May 1892, kò sí ará Èkó tí ò mọ Èjìnrìn. Ibẹ̀ ni ọjà òkè àti ọjà òkun ti ń pàdé. Ìjẹ̀bú ò jẹ́ kí ará Èkó kọjá wọ ilẹ̀ wọn lọ rajà fúnra wọn, etí omi níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn ná an, epo pupa, oúnjẹ, aṣọ, iyọ̀, ọkọ̀ á tò lọ bẹẹrẹ. Tí Ìjẹ̀bú bá bínú sí Èkó, wọ́n á ti ọjà, ará Èkó á jẹ́wọ́. Ó wà lórí máàpù òyìnbó ayé ìgbà yẹn. Kí ló gbẹ̀yìn ẹ̀? Mọ́tò gba ọ̀nà míì. Ẹ lọ wo Èjìnrìn lónìí kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ohun tí máàpù ṣe fún un.

Ẹ̀pẹ́ ẹ̀wẹ̀, Ọba Kòsọ́kọ́ tó sá kúrò ní Èkó ní 1851, ibẹ̀ ló forí lé, ọkọ̀ tó kó òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ dé ò wo máàpù kankan, èèyàn tó mọ omi ló tù ú. Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tó bá a wá, ṣì ń fi ọdún Káyòkáyò rántí ẹ̀ lẹ́yìn Iléyá títí dòní.

Ìyá Onífùfú:
Ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ti fi abúlé ọmọ yìí síbẹ̀ àbí wọn ò tíì fi síbẹ̀?

kọ̀ǹpútà_ò_purọ́:
Ẹ dúró ná. Ọ̀gá ỌmọEtíỌ̀sà fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ kí n lè bá wọn wò ó. Mo ti rí páànù yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbà pé ẹ ò tẹ orúkọ abúlé yín rí, wíwò lẹ ṣáà ń wò. Èmi tẹ̀ ẹ́. Ó jáde o! Nǹkan bíi kìlómítà méjì sí yín, àárín oko. Orúkọ abúlé yín gan-an ni, wọ́n wá so Gardens mọ́ ìdí ẹ̀. Ẹ́sítéètì ni. Ó ní fọ́tò géètì, ó ní nọ́ńbà fóònù, èèyàn mọ́kànlá ló fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, ẹnì kan kọ síbẹ̀ pé iná kì í lọ níbẹ̀.

Mo wá wò ó látòkè. Kò sí géètì. Kò sí ilé. Ẹ̀gẹ́ ni.

ỌmọEtíỌ̀sà:
Ọlọ́run mi o.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ dírẹ́bà kánópì ni. Mo ní kí lo tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ó ní orúkọ abúlé yín ni mo tẹ̀, ó gbé ẹ̀ wá, mo rí géètì, mo wá ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹ ò rí i, àwọn olówó la fẹ́ lọ bá ṣe. Ibi tó ti ń na fóònù sókè yẹn, oko ìyá àgbà wa tá a sin lọ́jọ́ náà ni. Ẹ̀gẹ́ ìyá ni àwọn ọmọ yẹn fà tu. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ta ibẹ̀. Mo ti bi gbogbo ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá Ẹ̀rẹ̀dó:
Kọ ọ́. Kọ orúkọ yín síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Má dúró de ìpàdé kankan. Kẹ́ ẹ tún wá lọ́yà, kó bá yín wo nọ́ńbà oko náà ní Aláúsà, òfin ajàgùngbalẹ̀ ti wà láti 2016, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mójú tó o. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò sàréè tuntun yẹn àti ti gbogbo sàréè tó wà lábúlé, ọjọ́ iwájú ẹ̀rí ni.

Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́ o. Mo ti gbọ́.

òkè_òkun_ò_dùn_tó_yẹn:
Ẹ fi fọ́tò géètì yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ ẹ jọ̀ọ́. Ó ń ṣe mí bíi pé mo mọ géètì yẹn.

ỌmọEtíỌ̀sà:
Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ n ròyìn fún yín. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ lọ́yà, ó ní kí n má kọ ohunkóhun nípa ẹ̀ síta mọ́, ẹ má bínú. Ọ̀gá òkè òkun, ẹ ṣé fún rìsíìtì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Orúkọ wa ti wà lórí OpenStreetMap pẹ̀lú àmì ohùn ẹ̀ pátá. Àwọn ará òdìkejì odò bínú, la bá bá wọn fi tiwọn náà sí i, orúkọ kan náà, a kàn kọ Òkè mọ́ tiwọn. Wọ́n ní àwọn fara mọ́ ọn fúngbà díẹ̀. Ọjọ́ tó jáde, mo gbé fóònù lọ bá Baálẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n gbà á, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ibo ni ilé àwọn. Mo sún un fún wọn. Wọ́n fi ìka kan páànù tiwọn, ó ṣèèṣì sún lọ, a bá ara wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n tètè dá fóònù padà fún mi.

Ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ wa náà ti jáde lórí Google Maps, pẹ̀lú fọ́tò. Inú gbogbo ilé ń dùn. Lánàá ni mo wá rí i pé ẹnì kan ti fún un ní ìràwọ̀ méjì. Dírẹ́bà kánópì ni. Ó ní "ibẹ̀ dáa, ọ̀nà ò dáa, wọn ò tíì san owó kánópì tó kù."

Ìyá Onífùfú:
Ẹ lọ sanwó olówó!

ỌmọEtíỌ̀sà:
Mo ti fi ránṣẹ́ mà. Ó ti sọ ọ́ di mẹ́rin.